Bí Mo Ṣe Kọ Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá Àgbà Wa

Nígbà tí Bàbá àgbà wa, Àkànbí, papò dà nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 2022, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi pè mí sí yàrá, wọ́n ní èmi ni kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn tí a ó kà níbi ìsìn ìsìnkú, nítorí pé èmi ni mo máa ń jókòó tì wọ́n jù nínú àwọn ọmọ-ọmọ. Ọjọ́ mọ́kànlá péré ló kù. Mo ti gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ níbi ìsìnkú púpọ̀: wọ́n bí olóògbé sínú ìdílé tó lókìkí, ó gbéyàwó, Ọlọ́run fi ọmọ ta á lọ́rẹ, ó sùn nínú Olúwa. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá yọ orúkọ kúrò, ti ẹlòmíràn náà ni. Mo pinnu pé ẹni tó bá gbọ́ ti Bàbá àgbà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọn gan-an ni à ń sọ.

Ọdún ìbí wọn ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Ìwé ìrìnnà wọn sọ pé 1938, ìwé ìdìbò wọn sọ pé 1930, àwọn fúnra wọn kò sì ka ìkankan sí nínú méjèèjì, nítorí pé akọ̀wé ló wo ojú wọn tó fi kọ ọdún sílẹ̀. Mo lọ bá àbúrò wọn obìnrin. Ìyá náà sọ fún mi pé ọdún tí ogun Hitler bẹ̀rẹ̀, ìyẹn 1939, ni wọ́n bí àwọn, àti pé ọmọ kan tó ti ń rìn kó tó ṣaláìsí wà láàárín àwọn àti Bàbá. Abiyamọ ìgbà náà kì í tètè já ọmọ lẹ́nu ọmú, nítorí náà mo ka ọdún mẹ́ta-mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì bọ́ sí 1933. Mo tún ní ẹ̀rí kejì. Bàbá àgbà a máa sọ fún wa nípa ọjọ́ tí ọ̀sán di òru, tí adìẹ lọ wọ̀, tí àwọn ìyá sì ń pariwo pe ọmọ wọlé; wọ́n ní àwọn ti ń kọ ebè tiwọn lóko nígbà náà. Oṣù Karùn-ún ọdún 1947 ni òṣùpá bo oòrùn lójú ní ilẹ̀ wa, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sì tó kọ ebè. Ó bára mu. Mo kọ ọ́ pé “ní nǹkan bí ọdún 1933”, mi ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni yọ “ní nǹkan bí” náà kúrò.

Lẹ́yìn èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti ojúlé dé ojúlé, mo ń gba ohùn àwọn ènìyàn sórí fóònù. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, irú ènìyàn tí Bàbá jẹ́ ni mò ń béèrè, gbogbo wọn sì ń dáhùn pé ènìyàn dáadáa ni. Mo yí ìbéèrè náà padà. Mo wá ń béèrè ohun tí Bàbá máa ń ṣe bí òjò bá ṣú, ọ̀rọ̀ sì jáde: wọ́n á kọ́kọ́ kó láfún tí obìnrin ojúlé kejì sá sílẹ̀ wọlé kí wọ́n tó kó ti ilé wa. Ènìyàn mẹ́ta ló sọ èyí fún mi láìgbọ́ lẹ́nu ara wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti nípọn ni Gáná. Gbogbo wa mọ̀ pé Bàbá àgbà gbé ìlú Tamale ní àríwá Gáná rí, nítorí pé wọ́n máa ń fi Dagbani, èdè àwọn ará ibẹ̀, ka owó nígbà tí wọ́n bá rò pé kò sí ẹni tó ń gbọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè bí wọ́n ṣe padà wálé, “Ilé làbọ̀ sinmi oko” ni wọn yóò fi dá wa lóhùn, ọ̀rọ̀ á sì tán. Nínú àpótí onírin wọn ni mo ti rí ìwé kékeré kan tí kòkòrò ti jẹ létí. Ìwé gbèsè ni. Àwọn tó ra wórobo láwìn lọ́wọ́ wọn, òwú, abẹ́rẹ́, dígí, ìlẹ̀kẹ̀ àti ìyarun, ni wọ́n kọ sínú rẹ̀ pẹ̀lú iye cedi tó kù lọ́rùn oníkálukú: “ìyá tó ń ta tùràrí lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí”, “alápatà tó ga”, “bàbá ìbejì”. Mo ka ènìyàn mẹ́tàdínláàádọ́ta, kò sì sí èyí tí wọ́n fa ìlà lé lórí. Lójú ewé tó kẹ́yìn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé, “Mo ti fi jì wọ́n.”

Mo gbé ìwé náà lọ bá Màmá àgbà. Wọ́n wò ó títí, wọ́n sì ní kí n tan fóònù mi.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia, olórí ìjọba Gáná nígbà náà, pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò ní Gáná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń ṣòwò níbẹ̀, tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú wọn, ti kọ́lé síbẹ̀, wọ́n ti dá ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀, wọn kò sì ka ara wọn sí àlejò mọ́. Màmá ní ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá fi wá àwọn tó jẹ wọ́n lówó kiri. Ní ọjọ́ kẹrin wọ́n jókòó, wọ́n ní ó tó. Wọ́n lu ọjà tó kù ní gbàǹjo, wọ́n sì kó ọmọ sínú ọkọ̀ akẹ́rù tó gba Togo àti Dahomey, tí à ń pè ní Benin báyìí, wálé. Bàbá mi ló wà lẹ́yìn Màmá. Màmá tún rán mi létí oṣù Kìíní ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà náà lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé, tí ará Gáná pọ̀ jù nínú wọn. Télọ̀ kan láti Gáná ń gbé yàrá kan nínú ilé wa. Bàbá kò gba owó ilé tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ra gàrí àti ẹja gbígbẹ fún un, wọ́n sì sìn ín dé gáréèjì. Wọ́n dé láti gáréèjì, wọn kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí mo ka ohun tí mo kọ fún ìdílé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní kí á má dárúkọ gbèsè níbi òkú, kí ẹni tó pẹ́ dé má baà rò pé Bàbá ló kú sínú gbèsè. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Màmá lórí fóònù. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n bojú wo ìta fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ní kí n kọ ọ́ kí ó yé ọmọdé: “Àwọn ènìyàn jẹ Bàbá lówó, Bàbá sì fi jì wọ́n.” Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Oríkì gbà mí ní odindi ọjọ́ kan. Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí ni wá, àwọn tí kì í gbọfà lẹ́yìn, ìyá àgbàlagbà kan lágbo ilé wa ló sì mọ̀ ọ́n délẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba oríkì sílẹ̀, kí ó jẹ́ kí wọ́n kì í tán kí ó tó béèrè ìtumọ̀. Mo já lu ọ̀rọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ní láti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó ti ilé ìtẹ̀wé dé kò ní àmì ohùn, kò sì ní ti ìsàlẹ̀. Mo dá a padà, mo sì jókòó ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà títí gbogbo rẹ̀ fi pé.

Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, Màmá àgbà ní kí n ka ojú ewé Tamale fún àwọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kà á tán, wọ́n ní mo gbàgbé abọ́ tánganran tí a fi ń ṣa ẹ̀wà. Àṣé láti Tamale ni wọ́n ti gbé e wá. Bàbá ní kí wọ́n fi sílẹ̀ kí àyè lè gba ọmọ, àwọn sì kọ̀, wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀, wọ́n tẹ́ aṣọ sínú rẹ̀, inú rẹ̀ sì ni ọmọ kejì sùn títí tí wọ́n fi dé ilé. Mo mú bírò, mo kọ ọ́ sí etí ìwé tiwọn. Wọ́n ní kí n tún un kà.