Bí Ọmọ Ṣe Lè Ṣe Síkáótù Láti Ilé ní Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀pọ̀ òbí ní Ilé-Ifẹ̀ ni ó ń fẹ́ kí ọmọ wọn wà nínú ẹgbẹ́ Síkáótù, ṣùgbọ́n nígbà tí Sátidé ìpàdé bá dé, ọjà ń dúró de ìyá, owó ọkọ̀ láti abúlé dé Lágere kì í ṣe kékeré, òjò sì lè ti bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí. Kò yẹ kí ọmọ pàdánù odindi sáà kan nítorí èyí. Nígbà tí Baden-Powell, ẹni tí ó dá Síkáótù sílẹ̀, kó nǹkan bí ọmọkùnrin 20 lọ sí erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1907, iṣẹ́ ọwọ́ ni ó gbé lé wọn lọ́wọ́, púpọ̀ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ sì lè ṣe ní ẹ̀yìnkùlé ilé tirẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ forúkọ ọmọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ gidi. Síkáótù ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1915, ó sì ń gba ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. Ẹ béèrè ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín tàbí ní ilé ìjọsìn, kí ẹ sì lọ rí ọ̀gá ẹgbẹ́ náà lójúkojú kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Òun ni ó ń fúnni ní báàjì, kì í ṣe ìyá ọmọ, nítorí náà ẹ jọ fẹnu kò lórí ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ọmọ yóò máa jíṣẹ́ ohun tí ó ṣe, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ọmọ sínú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀wọ́ kéékèèké ẹgbẹ́ náà, kí ó lè ní ojúgbà tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀. Fóònù òbí ni kí wọ́n lò. Àgbàlagbà kankan kò gbọdọ̀ máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ìbáà jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Ojú àwùjọ tí àgbà méjì ó kéré tán wà ni kí gbogbo ọ̀rọ̀ ti máa wáyé.

Ẹ má tíì náwó lórí aṣọ ẹgbẹ́. Okùn tí ó gùn tó mítà 2, igi tààrà tí ó gùn ní mítà 1, téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ, àti ìwé kékeré kan ti tó. Kí okùn náà má ṣe jẹ́ ọ̀rá tí ń yọ̀, nítorí kókó kì í dúró lára rẹ̀ dáadáa.

Okùn ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀. Fún kókó tí a fi ń so báńdéèjì, kí ó fi ọ̀tún lé òsì, kí ó sì wá fi òsì lé ọ̀tún. Bí ó bá fi ọ̀tún lé òsì lẹ́ẹ̀mejì, kókó náà yóò yọ̀. Kókó kejì wúlò jù ú lọ, nítorí pé kì í fún mọ́ nǹkan lọ́rùn bí ojóbó. Kí ó fi okùn ká ihò kékeré kan, kí apá tí ó gùn wà nísàlẹ̀ níbi tí okùn ti gba orí ara rẹ̀ kọjá. Ẹ wá sọ fún un pé ẹnu okùn ni òkété, apá tí ó gùn ni ọ̀pẹ: òkété jáde láti inú ihò, ó gba ẹ̀yìn ọ̀pẹ yípo, ó sì padà wọ ihò rẹ̀. Kí ó fà á le, kí ó so ó mọ́ ọwọ́ korobá tí omi wà nínú rẹ̀ dé ìdajì, kí ó sì gbé e sókè. Nígbà tí ó bá mọ̀ ọ́n ta dáadáa, ẹ ní kí ó dijú ta á.

Mímọ ibi tí a dojú kọ ni ó gba ìṣọ́ra jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé Síkáótù ni wọ́n kọ fún àwọn tí ń gbé ní ilẹ̀ òtútù. Wọ́n á ní oòrùn ọ̀sán máa ń wà ní gúúsù. Ní Ifẹ̀, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà, ọmọ tí ó bá sì tẹ̀ lé ìwé yóò kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ó ń wá. Wọ́n tún ń sọ̀rọ̀ nípa ìràwọ̀ àríwá, ṣùgbọ́n níhìn-ín ìràwọ̀ náà rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òrùlé ilé aládùúgbò lè bò ó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ri igi mọ́ ilẹ̀ ní òòró, kí ó fi òkúta sí orí òjìji rẹ̀, kí ó dúró fún ìṣẹ́jú 20, kí ó sì fi òkúta kejì sí ibi tí orí òjìji náà ti sún dé. Òkúta àkọ́kọ́ ni ìwọ̀-oòrùn, èkejì ni ìlà-oòrùn. Bí ó bá dúró tí àkọ́kọ́ wà ní òsì rẹ̀, tí èkejì wà ní ọ̀tún, àríwá ni ó dojú kọ, nínú oṣù yòówù kí ó jẹ́.

Igi yẹn kan náà ni yóò fi wọn gíga ọ̀pẹ láìgùn ún. Bí òjìji igi mítà 1 bá jẹ́ ìdajì mítà, tí òjìji ọ̀pẹ sì jẹ́ mítà 4, ọ̀pẹ náà ga ní mítà 8. Òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ó ṣe é, nítorí pé òjìji ọ̀sán gangan kúrú jù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọjá níbi Ọ̀pá Ọ̀ràńmíyàn, ẹ ní kí ó wọn òjìji rẹ̀, láìfọwọ́ kan òkúta náà. Bí gíga tí ó ṣírò bá jẹ́ nǹkan bí mítà 5 ààbọ̀, ó ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Ilé ìdáná náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Bí omi gbígbóná bá dà sí ènìyàn lára, omi tútù ni kí a máa dà sí ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kí a sì fi aṣọ mímọ́ bò ó. Kì í ṣe ẹyin tútù, kì í ṣe àdí, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Mo mọ̀ pé ọmọ lè bá àgbà jiyàn lórí èyí, nítorí náà ẹ̀yin àgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà á.

Gbogbo ohun tí ó bá ṣe, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, pàápàá èyí tí kò yọrí sí rere. Bí dátà bá kéré, ẹ ya àwòrán ojú ìwé náà ránṣẹ́ dípò fídíò. Nínú oṣù kẹwàá ọdọọdún, àwọn Síkáótù káàkiri àgbáyé máa ń pàdé lórí rédíò àti íntánẹ́ẹ̀tì nínú ètò tí a ń pè ní JOTA-JOTI. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020 pàápàá, wọ́n ṣe àkànṣe rẹ̀ nítorí àrùn COVID-19. Ẹ jókòó ti ọmọ nígbà tí ó bá wà níbẹ̀.

Ẹ̀jẹ́ Síkáótù nìkan ni èmi kò gbà kí ó jẹ́ láti ilé. Kí ó dúró di ọjọ́ tí yóò lè dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́, kí ó na ìka mẹ́ta sókè níwájú àwọn ojúgbà rẹ̀. Bí màmá àgbà yóò bá bá yín lọ, ẹ ti sọ fún un ṣáájú pé ọwọ́ òsì ni àwọn Síkáótù fi ń bọ ara wọn lọ́wọ́, kí ó má baà dìde bá ọmọ wí níbẹ̀.