Bí a ṣe ń ṣe irú tí kò ní da inú rú

Irú kì í kan. Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣe é nílé kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn. Kíkan ló ń dáàbò bo ògì wa. Sọ́séèjì tí wọ́n ń fi ẹran tútù ṣe ní Ítálì àti Jámánì náà, kíkan, iyọ̀ àti gbígbẹ ni kì í jẹ́ kí kòkòrò burúkú ráyè nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bakitéríà tó ń sọ irú di irú, Bacillus subtilis, ń gbé pH rẹ̀ (òdiwọ̀n kíkan; ohun tó bá ju 7 lọ kì í kan) gòkè tó nǹkan bí 8 ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni irú tí àwọn Fọ̀n ń pè ní afitin àti èyí tí àwọn Bàrìbá ń pè ní sonru. Nítorí náà, ọwọ́ ẹni tó ń ṣe irú ni ààbò rẹ̀ wà.

Ẹ ṣa hóró irú, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ gbé e kaná. Ó kéré tán, yóò lo wákàtí 12 lórí iná, ẹ má sì jẹ́ kí omi gbẹ mọ́ ọn. Bí ẹ bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ tí eèpo rẹ̀ yọ, ó ti jinná. Ẹ rọra gún un nínú odó, kí ẹ fi omi tó mọ́ ṣan eèpo kúrò.

Ẹ tún un sè fún wákàtí kan tàbí méjì. Lóòótọ́, igi ìdáná lè wọ́n, àmọ́ ẹ má torí ẹ̀ fo èyí. Ìdọ̀tí ọwọ́ àti ti omi tó wọ inú rẹ̀ nígbà tí ẹ ń bó o, iná yìí ló máa pa á. Kò ní pa Bacillus tán, torí pé ó ní èèpo líle tó fi ń sá pamọ́ fún ooru. Ìdí nìyẹn tí irú fi ń dára láìjẹ́ pé a fi nǹkan kan sí i.

Láti ibí lọ, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́. Ẹ fi ajere gbọ́n omi rẹ̀ dànù. Ẹ da omi híhó sí igbá tí ẹ máa lò, ẹ fọ ewé, kí ẹ rà á lórí iná, kí ẹ wá fi di irú náà nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bó tàbí tí imú rẹ̀ ń ṣomi kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn: Staphylococcus, bakitéríà tó ń tú májèlé jáde, wà níbẹ̀, májèlé tó bá sì ti tú sínú irú, ọbẹ̀ híhó kò lè pa á. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi aṣọ kún un, torí òtútù òru.

Tí ẹ bá ṣí i, ó yẹ kó ní ohun funfun tó ń yọ̀ lára, kó máa fà bí okùn tín-ín-rín, kí òórùn rẹ̀ sì ta yín nímú. Bí ẹ bá rí èébu aláwọ̀ ewé tàbí dúdú, tàbí tó ń rùn bí ohun tó ti jẹrà, ẹ dà á nù pátá. Ẹ má ṣa ibi tó dára nínú rẹ̀.

Ẹ fi iyọ̀ sí i, kí ẹ sá a sórí àtẹ tó ga nílẹ̀, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí eṣinṣin. Èyí tó gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò gbígbẹ, kí ẹ dé e pa. Èyí tó tutù, inú fíríìjì ni kó wà, kí ẹ sì tètè sè é tán.