Bí A Ṣe Ń Ra Kálàmù Onípẹ́ńsù Àtijọ́ àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Kálàmù onípẹ́ńsù ni kálàmù alátàdáà tí wọ́n fi pẹ́ńsù sí ìdí rẹ̀: ẹnu tí ń kọ tàdáà wà lábẹ́ ìdérí ní apá kan, bí ẹ bá sì yí apá kejì, lẹ́ẹ̀dì yóò yọ orí jáde. Láàárín ọdún 1920 sí 1940 ni ó gbayì jù lọ, pàápàá ní Amẹ́ríkà, níbi tí Sheaffer, Conklin àti Wahl ti ṣe tiwọn, tí àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké sì ṣe èyí tí kò wọ́n. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ní ilẹ̀ Benin, tó ti jẹ́ olú-ìlú láti ayé Dàhòmì, inú àpótí àwọn akọ̀wé àti tíṣà àtijọ́ ni kí ẹ ti wá a, àti nínú ẹrù ìdílé àwọn Àgùdà, kí ẹ tó máa wò ó lójú ọjà.

Ẹnu kálàmù ló máa ń fa ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kó o jọ mọ́ra, pàápàá bí wọ́n bá rí àmì wúrà lára rẹ̀, kárátì 14 fún ti Amẹ́ríkà, kárátì 18 fún ti Faransé. Ní tèmi, ìdí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àpò rọ́bà tó ń gba tàdáà ti gan tàbí kó ti yòrò nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn, ìyẹn kò sì burú, nítorí a lè pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n irin pẹ́ńsù tó bá ti já kò ní ìpààrọ̀, àfi bí ẹ bá rí kálàmù mìíràn irú rẹ̀ tí ẹ lè tú. Kí ẹ tó ná an, ẹ bẹ ẹni tó ni ín pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yí ìdí rẹ̀ wò ná." Bí ìdí bá yí, tí ẹ sì rí ọ̀pá tín-ín-rín kan tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ẹnu pẹ́ńsù, ọjà gidi nìyẹn. Bí ó bá ń yí lásán tí ohunkóhun kò rìn nínú rẹ̀, irin ti já, ẹ dá a padà pẹ̀lú ọpẹ́. Bí kò bá yí rárá, ẹ má fi agbára yí i: lẹ́ẹ̀dì tó kán sínú ló sábà máa ń há a, ìyẹn sì ṣeé tún ṣe.

Kí ẹ tó tú u, ẹ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò ra á kíákíá títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí imí-ọjọ́, rọ́bà líle ni. Bí ó bá ń rùn bí kàfúrà, sẹ́lúlọ́ìdì, irú ike àtijọ́ kan, ni. Omi àti oòrùn máa ń sọ rọ́bà líle dúdú di aláwọ̀ ilẹ̀, sẹ́lúlọ́ìdì sì máa ń gbiná wàràwàrà, nítorí náà ẹ má ṣe rì í sínú omi, ẹ má sì gbé e sún mọ́ àbẹ́là tàbí iná èédú. Ìdí kejì tí omi kò fi dára ni pé yóò ṣàn lọ sínú irin pẹ́ńsù, yóò sì dípẹtà níbẹ̀, ibi tí ojú kò tó. Ooru gbígbẹ ni kí ẹ lò, irú èyí tó ń jáde láti inú ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun, kí ó má sì kọjá ìwọ̀n 60 Celsius. Ẹ máa yí kálàmù náà lọ́wọ́ bí ẹ ti ń yá a, kí ẹ sì máa dán ọrùn rẹ̀, ibi tí ẹnu kálàmù so mọ́, wò díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yọ. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Bí kò bá tíì fẹ́ yọ, ẹ tún yá a.

Àpò rọ́bà ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Irin pẹlẹbẹ tí a ń fi èékánná gbé sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kálàmù, èyí tí Walter Sheaffer gba ìwé-ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1908, ló ń tẹ àpò yìí. Bí a bá dá a padà, àpò yóò wú, yóò sì fa tàdáà mu. Ẹ gbọn gbogbo èérún rọ́bà àtijọ́ jáde. Nínú kálàmù lásán, àpò lè gùn dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n nínú èyí, irin pẹ́ńsù ti gba ìdajì ààyè. Ẹ ti ẹyọ ìgbálẹ̀ kan wọlé títí yóò fi kan irin náà, ẹ fi èékánná sàmì sí ibi tó wọ̀ dé, kí ẹ sì gé àpò tuntun kí ó kúrú ju àmì náà lọ díẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ gígùn ọrùn tó ń wọ inú. Ìdá kan nínú ìdá 64 íǹṣì ni wọ́n fi ń ka nọ́ńbà àpò, nítorí náà nọ́ńbà 16 jẹ́ mílímítà 6.35 ní ìbú. Ṣẹ́láàkì, irú èyí tí àwọn káfíńtà fi ń kun igi, tí a fi sípírítì pò ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn. Gọ́mù alágbára tó ń gan lójú ẹsẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn lè tú u mọ́ láéláé. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi pàúdà tí kò ní lọ́fínńdà pa á lára, kí ẹ tó tì í padà.

Ní ti pẹ́ńsù tó há, ẹ wá wáyà gìtá tó nípọn tó mílímítà kan, ẹ fi í rọra tú lẹ́ẹ̀dì tó kán láti ẹnu rẹ̀. Lẹ́ẹ̀dì mílímítà 1.18 ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà, ti 0.5 àti 0.7 tó wà nílé ìtajà ìwé yóò máa jábọ́ ni.

Tàdáà tí a ṣe fún kálàmù nìkan ni kí ẹ fà sínú rẹ̀. Tàdáà tí àwọn Àfáà ń fi kọ wàláà dára fún iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n èédú àti oje igi inú rẹ̀ yóò dí ojú ọ̀nà tóóró tó wà lábẹ́ ẹnu kálàmù, bẹ́ẹ̀ náà ni tàdáà àwọn ayàwòrán. Bí ẹ kò bá ní lò ó fún ìgbà pípẹ́, ẹ tú tàdáà inú rẹ̀ dànù, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, nítorí rọ́bà àpò máa ń tú èéfín imí-ọjọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èyí tó ń ba àwọ̀ sẹ́lúlọ́ìdì fífẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ nínú àpótí tó bá dé pinpin.