Bí Mo Ṣe Kọ́lé fún Killifish ní Ẹ̀pẹ́

Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ẹja tí kò ṣeé sè, ta ló fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀? Èyí tí mo ń sìn kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Killifish ni, Aphyosemion bitaeniatum ni àwọn onímọ̀ ń pè é, odò kéékèèké abẹ́ igi láti Tógò títí dé ìsàlẹ̀ odò Ọya ló sì ń gbé. Ilà dúdú méjì ló gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Akọ ló ń fi lẹbẹ gígùn alárànbarà ṣe fáàrí. Ara abo kò dán tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń sìn ín ní Yúróòpù kì í po ti ibì kan mọ́ ti ibòmíràn, “Ijebu Ode” ni wọ́n ń kọ sára èyí tó ti ìhà ọ̀dọ̀ wa lọ. Ẹja ẹ̀yìnkùlé wa rèé o!

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe wíńdò ni mo ti gé gíláàsì tí mo fi ṣe àpótí ẹja náà: gígùn 60, ìbú 30, gíga 30 sẹ̀ǹtímítà. Bó bá kún dẹ́nu, lítà 54 ni. Ẹ ṣọ́ra fún gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń lẹ ilé ìwẹ̀. Oògùn inú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó hu èébu lè pa ẹja.

Yanrìn odò ni mo fọ̀ tí mo tẹ́ sísàlẹ̀. Ti etí òkun kò dára, ìkarawun inú rẹ̀ á mú omi le, bẹ́ẹ̀ omi rírọ̀ tó kan díẹ̀ ni ẹja yìí ń fẹ́. Omi òjò ni mo gbè, lẹ́yìn tí òjò ti kọ́kọ́ fọ páànù mọ́. Mo sọ ewé fúrúùtù gbígbẹ sínú rẹ̀, omi náà sì pọ́n bíi tíì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ẹ má dà á nù.

Ewéko ló gbádùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn àgbà ní ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Nínú àpótí tèmi, mi ò gbà fún èyíkéyìí nínú wọn láti lékè ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ojúoró bá bo ojú omi tán, ìmọ́lẹ̀ kò ní dé ìsàlẹ̀, nítorí náà mo máa ń ṣa á dà nù. Òṣíbàtà ní tirẹ̀, gbogbo ewé tó bá ń sáré lọ sókè ni mò ń gé, kó lè máa yọ ewé lábẹ́ omi, níbi tí abo máa ń sá sí fún akọ. Kí n tó gbìn wọ́n, mo rẹ wọ́n sínú omi álọ́ọ̀mù, mo ṣàn wọ́n dáadáa, mo sì yẹ gbòǹgbò wọn wò fínnífínní, torí eṣúṣú.

Mi ò tètè kó ẹja sí i. Fóòmù tí ẹ̀rọ atẹ́gùn ń fa omi gbà ni sẹ́ẹ̀ mi, inú rẹ̀ sì ni àwọn bakitéríà tó ń sọ májèlé inú ìgbẹ́ ẹja di oúnjẹ ewéko máa ń gbé. Ó ń gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó pọ̀ tó. Akọ kan, abo méjì ni mo wá fi bẹ̀rẹ̀, kí akọ má baà máa lé abo kan ṣoṣo kiri títí yóò fi kú. Ẹ̀rọ oníbátìrì ni mo rà, NEPA kò ṣeé gbára lé.

Tanwíjí ni oúnjẹ wọn. Ìyá Ìbejì, aládùúgbò mi, ló ń pè mí báyìí bí dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ bá ti yọ wọ́n: “Wá kó ẹrù rẹ o!” Ìdì òwú tí mo so kọ́ sínú omi ni abo ń yé ẹyin sí. Mo máa ń ṣa ẹyin náà sínú abọ́ mìíràn, torí òbí wọn ò mọ ọmọ yàtọ̀ sí oúnjẹ, ẹyin náà á sì pa di ọmọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìdérí ńkọ́? Nẹ́ẹ̀tì wíńdò ni, mo dì í pinpin, títí kan ibi tí rọ́bà atẹ́gùn ń gbà wọlé, nítorí ẹja yìí a máa fò. Àwọn ọmọ àdúgbò ti ń tọrọ ọmọ ẹja lọ́wọ́ mi. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wá ìdérí wá.