Kí Ẹ Má Baà Gba Rọ́nwéè Tí Kì í Ṣe Tiyín

Nọ́ńbà tí wọ́n kùn sórí rọ́nwéè, ìyẹn ọ̀nà tí bàlúù ti ń gbéra tó sì ń balẹ̀ sí, ibi tí imú bàlúù kọjú sí ló ń sọ. Tó bá kọjú sí 050 dígírì lórí kọ́ńpáàsì, wọn á yọ òdo ìkẹyìn, á ku 05. Ẹni tó gba orí kejì wọlé á bá 23. Ọ̀nà kan, orúkọ méjì. Bí ti Ìlọrin, tí kò jìnnà sí àwa ará Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú, ṣe rí nìyẹn.

Ibi tó ti ń dà rú mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀ bàlúù lójú rèé. Ẹ fẹ́ balẹ̀ sí 05, ẹ ń fò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́nwéè ní òdìkejì ibi tí ẹ máa kọjú sí balẹ̀, kí ẹ tó yà: 23 ni orí aago tó ń tọ́ka imú bàlúù á máa fi hàn yín. Ẹni tó ti rẹ̀ á pe 23 yẹn fún táwà, àwọn tó ń darí bàlúù láti pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ìsàlẹ̀ aago náà ni kí ẹ wò, níbi tó dojú kọ ìrù: 05 ló wà níbẹ̀. Tí ẹ bá ń yà sósì, 230, 140, 050 ni kó kà tẹ̀ léra. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má balẹ̀ rárá. Ẹ tẹ iná ẹ́ńjìnnì, ẹ gòkè padà.

Aago yìí máa ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 15 síra, ẹ fi kọ́ńpáàsì tún un ṣe, nígbà tí bàlúù ń lọ tààrà tí eré rẹ̀ kò yí padà.

Àṣà náà máa ń tan èèyàn. Bàlúù máa ń dojú kọ afẹ́fẹ́ láti gbéra tàbí balẹ̀. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá, 05 ni wọ́n sábà máa ń fúnni. Nígbà òjò ó di 23. Ara á mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìjì òjò wa, láti ìlà-oòrùn ló sábà ti ń jà, ó sì lè yí gbogbo rẹ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ wo àpò afẹ́fẹ́, àpò aṣọ orí òpó tó ń fi ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí hàn, lójoojúmọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ gbéra, ẹ kọ nọ́ńbà tí táwà pè, ẹ tún un pè fún wọn tòsì-tọ̀tún: rọ́nwéè 18 méjì ló wà l'Ékòó, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lọ́tùn-ún. Ẹ dúró kí ẹ tó kọjá ìlà ọ̀dà yẹ́lò mẹ́rin tó ṣáájú rọ́nwéè, ẹ ka pátákó pupa sókè. Lórí rọ́nwéè, kí ẹ tó tẹ iná, nọ́ńbà ilẹ̀, aago àti kọ́ńpáàsì gbọ́dọ̀ bára mu.

Ní Lexington, Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 2006, bàlúù èrò kan gba 26 dípò 22. Rọ́nwéè náà kúrú jù fún un; èèyàn 49 nínú 50 kú. Ìyàtọ̀ dígírì 40 ló wà lójú aago wọn.