Wọ́n yọ eyín yín, ẹ fẹ́ fi implant sí i? Ẹ tọ́jú ihò ẹ̀ dáadáa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá yọ eyín tán, iṣẹ́ ò tíì tán o. Inú eegun tó wà níbi ihò yẹn ni wọ́n máa dè implant (irin kékeré tí wọ́n ń gbé eyín àtọwọ́dá lé) mọ́, tí ihò ọ̀hún ò bá jinná dáadáa dókítà ò ní gbà láti fi nǹkan kan síbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ihò yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Ẹ fi eyín di òwú tí wọ́n fún yín mú fún bí ìṣẹ́jú 30 sí 45, ẹ má máa ṣí i wò. Láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, ẹ má fi omi ṣan ẹnu, ẹ má tu itọ́ tipátipá, ẹ má fi straw mu nǹkan kan, torí fífà yẹn lè fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde. Sìgá ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbàgbé ẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ po iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí kékeré mọ́ ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, ẹ jẹ́ kó rọra yí lẹ́nu yín, kẹ́ ẹ wá ya ẹnu kó dà jáde fúnra ẹ̀. Àkàmù tó ti tutù díẹ̀ dáa, ẹ fi gúgúrú àti ẹ̀pà sílẹ̀ ná.

Èmi, eyín ẹ̀yìn nísàlẹ̀ ni wọ́n yọ fún mi, mo rò pé ó ti ń san, ọjọ́ kẹta ni ìrora dé, ó gbá mi dé etí, mi ò lè sùn, ẹnu mi ń rùn, ìgbà tí mo wo dígí ihò yẹn ṣófo, eegun ló kù níbẹ̀. Dry socket nìyẹn. Àwọn kan ní kí n da ògógóró sí i, àwọn kan ní kí n lọ ra ampiclox ní kẹ́mísì. Dókítà eyín ló fọ ihò yẹn, ó fi oògùn sínú ẹ̀, lọ́jọ́ yẹn náà ni ara tù mí. Torí náà ẹ má jókòó sílé máa fara dà á.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń wú sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, tí ibà dé, tí ọyún ń jáde, tẹ́ ò lè ya ẹnu tàbí gbé itọ́ mì, ọjọ́ yẹn gan-an lẹ máa lọ sí ọsibítù. Tó bá jẹ́ eyín òkè ni, tómi tẹ́ ẹ mu wá ń gba imú jáde, ẹ má fun imú, ẹ padà lọ bá dókítà.

Erìgì máa ń pa dé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ, torí eegun abẹ́ ẹ̀ lè gba oṣù 3 sí 6. Eegun yẹn náà sì ń fà sẹ́yìn, láàárín ọdún 1 fífẹ̀ ẹ̀ lè dín sí ìdajì, oṣù 3 àkọ́kọ́ ló sì ń yára jù. Tí ihò bá ti kó àrùn tẹ́lẹ̀, wọ́n lè ní láti kọ́kọ́ fi eegun kún un, kẹ́ ẹ tún wá dúró fún oṣù mélòó kan sí i.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ jẹ́ kí ṣúgà wálẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọ eyín rárá. Ẹni tó ń lo oògùn eegun bíi alendronate, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ tí wọ́n yọ eyín náà sílẹ̀, tó bá pé oṣù mẹ́ta, ẹ padà lọ ya x-ray.