Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Òróró Àlòkù Kí Ó Lè Di Epo Bàálù

Òróró tí alákàrà ń dà sí gọ́tà ní Kútọ̀ nígbà tí ó bá ti dúdú tán lè di epo tí bàálù fi ń fò, bí ẹni tí ó ń kó o jọ bá mọ ìtọ́jú rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2023, bàálù Virgin Atlantic kan fò láti Lọ́ńdọ̀nù dé New York. Òróró àti ọ̀rá àlòkù ni wọ́n fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú epo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí òróró náà tutù pátápátá nínú agbada. Lẹ́yìn èyí, ẹ ta aṣọ funfun ní ìṣẹ́po méjì sí ẹnu korobá, kí ẹ sì rọra dà á sí i; ẹ má fún aṣọ náà, nítorí pé bí ẹ bá ti fún un, ẹ̀rún àkàrà tí ó jóná yóò tún bá a wọlé. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí ó tòrò, kí ẹ wá da ti òkè sínú kẹ́ẹ̀gì tí ó gbẹ, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kù sísàlẹ̀.

Omi ni kí ẹ ṣọ́ jù lọ. Ó ń mú kí òróró kan, iyọ̀ inú rẹ̀ sì ń jẹ irin ilé-iṣẹ́ ìfọpo, níbi tí wọ́n ti ń fi háídírójìn àti ooru líle yọ ọ́síjìn kúrò nínú òróró títí yóò fi dà bí kẹrosíìnì. Ẹ kán ṣíbí òróró kan sínú páànù gbígbóná: bí ó bá ń ta pàrà-pàrà, omi ṣì wà níbẹ̀, ẹ tún jẹ́ kí ó tòrò sí i.

Ẹ má da ọ́ìlì ọkọ̀ mọ́ ọn, ẹ má sì fi òróró tuntun bù ú kún. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù, tí ó ní kí ìdá 2 nínú 100 epo bàálù jẹ́ irú èyí láti ọdún 2025, kò ka ohun tí a ṣe láti ara irè oúnjẹ sí i. Lójú tèmi, òfin náà tọ́, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́, iye lítà àti ibi tí ẹ ti rà á sílẹ̀, kí ó lè hàn pé àlòkù ni.

Ọ̀rá màlúù láti odò ẹran náà wúlò. Lápálápá tí a fi ń ṣe ọgbà yí oko ká ńkọ́? Air New Zealand dán epo rẹ̀ wò nínú bàálù ní ọdún 2008, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ ní májèlé, ẹ má fi ìkòkò oúnjẹ ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ dé kẹ́ẹ̀gì náà pinpin, ẹ gbé e sí ibòji, kí ẹ sì fi ọ̀dà pupa kọ “KÌ Í ṢE JÍJẸ” sí i lára, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e padà sí ọjà fún àwọn tí ń dín nǹkan.